Ẹ ka iye tí ọmọ jù kí ẹ tó ra ife ẹ̀yẹ

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Lẹ́tà òǹkàwé yín tó ní kí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun dá ìdíje béèsìbọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama dùn mọ́ wa nínú. Ètò tó là sílẹ̀ ló kọ wá lóminú. Ó ní kí ilé ẹ̀kọ́ 16 kóra jọ sí pápá kan ní sáà kẹta, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, kí ikọ̀ tó bá fìdí rẹmi máa lọ sílé, kí ife ẹ̀yẹ sì ti mọ olówó rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Nínú ikọ̀ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ 22 ló ń pín iṣẹ́ jẹ. Nínú béèsìbọ́ọ̀lù, apá ọmọ kan ni gbogbo eré ti ń bẹ̀rẹ̀, apá yẹn ló sì yẹ kó pinnu ọjọ́ ìdíje.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ 16, ẹni tó bá pàdánù ń lọ, eré 15 nìyẹn. Ikọ̀ tó máa gba ife á ṣe eré 4 láàárín ọjọ́ 5. Abala 7 ni eré girama kan, ikọ̀ méjèèjì á sì gbá bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ní abala kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó ń ju bọ́ọ̀lù, ẹni tí à ń pè ní píṣà, bí ọwọ́ rẹ̀ bá já gaara, á jù ú nǹkan bí ìgbà 15 ní abala kan. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ á jù ú tó ìgbà 20, torí pé ọ̀pọ̀ nínú èyí tó ń jù ló ń yà kúrò lọ́nà, ẹni tó di báàtì mú, ìyẹn ọ̀pá tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù, á sì kàn máa wò ó níran ni. 15 lọ́nà 7 jẹ́ 105. 20 lọ́nà 7 jẹ́ 140. Bẹ́ẹ̀, ìlànà Pitch Smart tí wọ́n ń tẹ̀ lé l'Amẹ́ríkà kò gbà kí ọmọ ọdún 15 sí 16 ju ìgbà 95 lọ lójúmọ́. Ọmọ ọdún 17 sí 18 kò gbọdọ̀ kọjá 105. Ìyẹn ni pé píṣà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ kò tilẹ̀ lè dá eré kan ṣe parí, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ mẹ́rin.

Ìsinmi tún wà níbẹ̀. Ọmọ ọdún 15 tàbí 16 tí jíjù rẹ̀ kò bá kọjá 30 lè tún jù lọ́jọ́ kejì. Láti 31 dé 45, ó gbọ́dọ̀ sinmi ọjọ́ 1. Láti 46 dé 60, ọjọ́ 2. Láti 61 dé 75, ọjọ́ 3. Láti 76 lọ sókè, ọjọ́ 4 gbáko. Ọmọ tó bá jù ú nígbà 80 lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ Àbámẹ́ta ló tó lè mú bọ́ọ̀lù padà. Ìdíje òǹkàwé yín ti parí lọ́jọ́ tó ṣáájú.

Kì í ṣe àṣejù ni òfin yìí. Ní ìhà inú ìgúnpá, iṣan kan wà tó so egungun apá òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀, gbogbo agbára jíjù ló ń fà á. Nínú ọmọ tó ṣì ń ga, ibi tí egungun ti ń dàgbà kò tíì le, kérékeré ni, òun ló sì máa ń kọ́kọ́ yẹ̀. Ọdún 1974 ni dókítà Frank Jobe kọ́kọ́ fi iṣan láti ibòmíràn lára tún ìgúnpá píṣà kan tó ń jẹ́ Tommy John ṣe. Orúkọ píṣà yẹn ni wọ́n fi ń pe iṣẹ́ abẹ náà títí dòní. Ìtọ́jú tó ń tẹ̀ lé e máa ń gbà tó ọdún kan. Òbí wo l'Ọ́ṣun ló fẹ́ san owó yẹn torí ife ẹ̀yẹ?

Ẹni tó bá ń wò dáadáa á rí i kí apá tó sọ̀rọ̀. Bọ́ọ̀lù tó ń wọlé ní orúnkún tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí gòkè lọ sí àyà. Ọmọ náà á máa pẹ́ kó tó jù, á máa gbọn ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ìgúnpá rẹ̀ á sì wá sílẹ̀ ju èjìká lọ bó bá fẹ́ jù. Níbi yẹn ni ká ti pààrọ̀ rẹ̀, ì báà jẹ́ 50 péré ló tíì jù. Ẹ má fi báàmù pa á kí ẹ ní kó padà sẹ́nu iṣẹ́. Báàmù á mú awọ gbóná, kò sì dé ibi tí iṣan ti ń ya.

Àṣà kan tún wọ́pọ̀: bí ó bá ti rẹ píṣà, kóòṣì á ní kó lọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn báàtì, kó máa ṣe káṣà, pé kó fi ìyẹn sinmi. Ìsinmi kọ́. Káṣà ni gbogbo bọ́ọ̀lù tí wọn kò gbá ń bọ́ sí lọ́wọ́, òun náà ló sì ń jù ú padà. Ẹni tó bá ti ṣe píṣà lónìí kò gbọdọ̀ ṣe káṣà lónìí. Ti ọjọ́ orí ńkọ́? Àwọn tó máa ń dín ọjọ́ orí kù nílé ìwé wa mọ ara wọn. Ìwé ìbí ni kí a gbà. Ẹni tó bá jẹ́ 15 nínú ìwé gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé òǹkà ọmọ 15, kò gbọdọ̀ yí i padà sí 17 nígbà tó bá ku abala kan.

A mọ̀ pé ẹnìkan á dárúkọ Japan. Láti ọdún 1915 ni àwọn ọmọ girama wọn ti ń ṣe ìdíje ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí gbogbo ayé mọ̀ sí Koshien. Ẹkùn kọ̀ọ̀kan ń yan olúborí tirẹ̀, Tokyo àti Hokkaido ń mú méjì-méjì wá, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ ikọ̀ 49. Ní 1998, Daisuke Matsuzaka ju bọ́ọ̀lù nígbà 250 nínú eré kan tó gùn dé abala 17 níbẹ̀. Ìtàn ńlá ni. Àwọn ará Japan fúnra wọn ti kúrò níbẹ̀: ní 2018 wọ́n mú òfin tó ń tètè parí ọ̀mì wọlé, ní 2020 wọ́n sì fòfin dè é pé píṣà kankan kò gbọdọ̀ kọjá 500 láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Lójú tiwa, 500 yẹn ṣì pọ̀jù. Amẹ́ríkà, níbi tí olúborí girama ti ń parí sí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, sọ ọ́ di dandan láti 2017 pé kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní òfin iye jíjù.

Ètò tiwa nìyí. Ẹkùn sẹ́nétọ̀ mẹ́ta l'Ọ́ṣun ní: Àárín Gbùngbùn, Ìwọ̀-Oòrùn àti Ìlà-Oòrùn tí Ifẹ̀ òun Ìjẹ̀ṣà wà. Kí ilé ẹ̀kọ́ mẹ́rin-mẹ́rin bẹ̀rẹ̀ ní ẹkùn kọ̀ọ̀kan, 12 lápapọ̀. Kí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ara wọn ṣe é kárí: eré 6 ni, méjì lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kọ̀ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ 3, lórí pápá kan ṣoṣo. Ifẹ̀ sí Iléṣà kò ju nǹkan bí kìlómítà 30 lọ, ọmọ á lọ, á sì bọ̀ lọ́jọ́ kan náà, kò sí owó ibùsùn. Olúborí ẹkùn mẹ́ta àti ẹnìkejì tó dára jù á wá pàdé ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, àṣekágbá àti eré ipò kẹta á wáyé ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún. Eré 18 ní ẹkùn, 4 ní ìparí, 22 lápapọ̀. Kò sí ikọ̀ tó máa ṣe ju eré kan lọ ní ọ̀sẹ̀ kan. Píṣà àkọ́kọ́ á jù ú dé 75 tàbí 80, èkejì á gba ìyókù, ẹ̀kẹta á wà ní sẹpẹ́. Gbogbo wọn á ti sinmi kí ọjọ́ Àbámẹ́ta míì tó dé. Ilé ẹ̀kọ́ tí kò bá tíì ní píṣà mẹ́ta, kó dúró dọdún tó ń bọ̀.

Kíka jíjù gan-an kò fẹ́ ẹ̀rọ. Ìwé ìdárayá olówó pọ́ọ́kú kan àti bírò fún ikọ̀ kọ̀ọ̀kan: ìlà mẹ́rin lóòró, ìkarùn-ún á dábùú wọn. Gbogbo bọ́ọ̀lù tó bá jù sí ẹni tó di báàtì mú ni a ń kà, títí kan èyí tí wọ́n gbá síta ìlà. Èyí tó fi ń ta ara rẹ̀ jí kò sí nínú rẹ̀. Ibi tó ti máa ń dàrú ni pé olùkà méjèèjì á dúró títí eré á fi parí kí wọ́n tó wo ìwé ara wọn, ọ̀kan á ní 71, èkejì á ní 78, ìjà dé. Kí wọ́n ṣe é bí Òṣómàáàló ti ń gba gbèsè: bí ìdajì abala bá ti parí báyìí, wọ́n á lóṣòó síbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní dìde títí iye méjèèjì á fi bára mu. Ọ́ńpáyà, ìyẹn adájọ́ eré, á fọwọ́ sí i, eré á tẹ̀ síwájú.

Pápá ló kàn, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe tó ń pa apá lára jù ti ń wá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Téépù 50 mítà méjì, èèkàn márùn-ún àti òlù, ènìyàn mẹ́ta: kò yẹ kó ju wákàtí kan lọ. Ẹ kan èèkàn kìíní mọ́ ibi ṣóńṣó ẹ̀yìn hóòmù, ìyẹn róbà onígun márùn-ún tí ẹni tó di báàtì mú ń dúró tì. Ẹ na téépù mítà 38.80 síwájú gbọọrọ, ẹ kan èèkàn kejì: béèsì kejì nìyẹn, ọ̀kan nínú ibi mẹ́ta tí ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù ń sá gbà kó tó padà sí hóòmù. Lẹ́yìn náà, ẹ mú téépù kan láti hóòmù, èkejì láti béèsì kejì, kí ẹ fa méjèèjì dé 27.43. Ibi tí wọ́n bá ti pàdé lápá ọ̀tún ni béèsì kìíní, apá òsì ni ẹ̀kẹta. Ẹ wá wọn béèsì kìíní sí ẹ̀kẹta: òun náà gbọ́dọ̀ jẹ́ 38.80. Bí ó bá fi àtẹ́lẹwọ́ kan dín tàbí lé, téépù kan ti dẹ̀ níbì kan, ẹ tún un fà.

Èèkàn karùn-ún ni ti píṣà. Àwọn tí kò ní ìwé òfin lọ́wọ́ máa ń fa okùn láti igun dé igun, ibi tí okùn méjèèjì bá ti kọjá lórí ara wọn ni wọ́n á kan róbà píṣà mọ́, ìyẹn èyí tó ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ bó bá ń jù. Ojú rí i, ó dà bí àárín tó tọ́. Kò tọ́. Àárín yẹn jẹ́ mítà 19.40 sí hóòmù, nígbà tí òfin ní 18.44, láti ṣóńṣó ẹ̀yìn hóòmù dé etí iwájú róbà. Ó ku díẹ̀ kó jẹ́ odindi mítà kan tí a bù kún iṣẹ́ ọmọ. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ kò ní dé dáadáa, á máa já lulẹ̀, kóòṣì á máa pariwo pé kó fi agbára sí i, òun náà á sì fi agbára sí i.

Òkìtì tí píṣà ń dúró lé ga tó sẹ̀ǹtímítà 25. Rọ́bà olómi tí bíríkìlà fi ń wo ìtẹ́jú ilé lè wọ̀n ọ́n. Iwájú rẹ̀ á máa fi sẹ̀ǹtímítà 2.5 rẹlẹ̀ ní gbogbo 30. Yanrìn kò ṣe é mọ ọ́n, torí ibi tí ẹsẹ̀ ọmọ ń balẹ̀ sí á di kòtò kí abala kẹta tó parí, ẹsẹ̀ á máa wọ inú rẹ̀, apá á sì máa gba ìyà tó yẹ ẹsẹ̀. Erùpẹ̀ òkìtì ọ̀gán ló dára: ẹ fọ́ ọ, ẹ wọ́n omi sí i, ẹ lù ú ní ìpele-ìpele tí kò nípọn ju ìka mẹ́ta lọ. Láàárín eré kìíní sí èkejì, ẹ fi èyí tó tutù dí kòtò náà, ẹ lù ú, kí ẹ sì fi tapólì bò ó lálẹ́. Bí ọ̀gá ilé ìwé bá ní òun kò fẹ́ òkìtì lórí pápá bọ́ọ̀lù òun, ẹ má bá a jà. Ilẹ̀ títẹ́jú tí a kan róbà mọ́ sàn ju òkìtì tí a mọ gátagàta.

Ẹ wo oòrùn kí ẹ tó kan èèkàn kankan. Ọ̀nà tó lọ láti hóòmù sí béèsì kejì ló yẹ kó kọjú sí ìlà oòrùn, kó yà díẹ̀ sí àríwá, kí oòrùn ìrọ̀lẹ́ má bàa dá sí ojú ẹni tó di báàtì mú àti káṣà. Fún ìlà, ẹfun lílọ̀ ló dára, kò sì wọ́n. Láìmù tí àwọn kan ń lò máa ń jó ojú, ọmọ tó bá sì fi àyà wọ́ wọ béèsì á rí i lójú. Lẹ́yìn hóòmù, ẹ ta àwọ̀n apẹja ní ìṣẹ́po méjì lé òpó ọparun, kí ojú rẹ̀ má tó sẹ̀ǹtímítà 5, torí pé bọ́ọ̀lù kò ju 7 àti díẹ̀ lọ ní ìbú. Kí ó dẹ̀ díẹ̀, kó lè gba bọ́ọ̀lù mọ́ra. Bí ó bá le, bọ́ọ̀lù á ta padà sí káṣà lẹ́yìn orí.

Nípa ohun èlò, a ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ìbọ̀wọ́ mẹ́sàn-án, tí ti káṣà wà nínú wọn, lè to ikọ̀ méjì, torí pé ikọ̀ kan ṣoṣo ló ń wà ní pápá lẹ́ẹ̀kan: ẹni tó ń jáde á fi tirẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó ń wọlé. Ẹ ṣáà fi ti alọ́wọ́òsì méjì kún un. Àṣíborí márùn-ún: ọ̀kan fún ẹni tó di báàtì mú, mẹ́ta fún àwọn tó lè wà lórí béèsì, ọ̀kan fún ẹni tó kàn. Ti ọ̀kadà kò ṣe é lò, ó wúwo, ó sì ń dí ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Káṣà kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láìsí ìbòjú, ìdáàbòbò ọ̀fun, àyà, ojúgun àti nǹkan ọkùnrin. Báàtì alumíníọ̀mù tí àwọn ará òkè òkun bá fi ta wá lọ́rẹ, ẹ wá àmì BBCOR .50 lára rẹ̀. Láti 2012 ni girama Amẹ́ríkà ti fòfin mú un, torí pé àwọn ti tẹ́lẹ̀ ń ta bọ́ọ̀lù padà bí ọta ìbọn, píṣà tó wà ní mítà 18 ló sì ń gbà á. Èyí tí kò bá ní àmì, tàbí tó ti sán, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bọ́ọ̀lù mẹ́fà tuntun fún eré kan tó, 132 fún eré 22, ìyẹn dọ́sìnnì 11. Awọ ló bò ó, ó ń mu omi. Gíráàmù 142 sí 149 ló yẹ kó wọ̀n. Èyí tó bá ti sùn sínú ìrì ń wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má fún píṣà ní irú rẹ̀.

Bí a ó ṣe mọ ẹnìkejì tó dára jù láàárín ẹkùn mẹ́ta máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Kíka iye ayò lásán kò tọ́: eré tí ikọ̀ kan bá fi ayò 10 ṣíwájú lẹ́yìn abala 5 á parí síbẹ̀, ikọ̀ ilé tó bá sì ń borí kì í di báàtì mú ní ìdajì tó kẹ́yìn. Ọ̀nà WBSC, àjọ tó ń darí eré yìí lágbàáyé, ló tọ́. Ẹ mú ayò tí ikọ̀ náà jẹ, ẹ pín in sí iye abala tí wọ́n fi di báàtì mú. Ẹ mú ayò tí wọ́n jẹ lára wọn, ẹ pín in sí iye abala tí wọ́n fi wà ní pápá. Ẹ yọ ti kejì kúrò nínú ti kìíní. Ikọ̀ tó jẹ ayò 21 ní abala 18, tí wọ́n sì jẹ 12 lára wọn ní abala 20, á ní 1.167, a yọ 0.600 kúrò, ó ku 0.567. Akọ̀wé eré gbọ́dọ̀ máa kọ abala sílẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, torí kò sẹ́ni tó lè padà wá a lẹ́yìn.

Òǹkàwé yín kò dárúkọ àwọn ọmọbìnrin rárá. Sọ́fúbọ́ọ̀lù ni tiwọn, ìsàlẹ̀ ọwọ́ ni wọ́n ti ń jù ú. Béèsì 18.29, píṣà 13.11: pápá kan náà, èèkàn mìíràn. Àwọn tó ti mọ ráńdàsì á tètè mú un. Fún ọ́ńpáyà, Ìlọrin tó ní pápá béèsìbọ́ọ̀lù tirẹ̀ kò jìnnà, méjì fún eré kan sì tó láti fi bẹ̀rẹ̀.

Ó ku ìgbà. Sáà kẹta tí òǹkàwé yín sọ bọ́ sínú òjò pátápátá. Bí àrá bá sán, gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ kúrò ní pápá, a ó sì dúró fún ìṣẹ́jú 30 lẹ́yìn èyí tó sán kẹ́yìn. Bí àrá míì bá sán, a tún bẹ̀rẹ̀ sí kà láti òdo. Eré tí kò bá tíì pé abala 5 kò tíì di eré, ibi tó dúró sí ni a ó ti tẹ̀ síwájú lọ́jọ́ mìíràn, ṣùgbọ́n jíjù tí ọmọ ti jù lọ́jọ́ òjò wà nínú òǹkà rẹ̀ digbí. Sáà kejì ló dára, kì í ṣe oṣù Ṣẹẹrẹ tí bọ́ọ̀lù funfun máa ń sọnù sínú kùrukùru ọyẹ́. Kí a bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kejì oṣù Kejì. Ààwẹ̀ Ràmàdáànì ń bọ́ sí àkókò yẹn láwọn ọdún wọ̀nyí, nítorí náà kí ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn aláàwẹ̀ bá pọ̀ nínú rẹ̀ gba eré aago mẹ́jọ àárọ̀, kí píṣà wọn má ju bọ́ọ̀lù lábẹ́ oòrùn ọ̀sán láìmu omi. Àwọn ọmọ ìjọ Adventist pọ̀ n'Ífẹ̀, ọjọ́ ìsinmi wọn sì ni ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n bá wà, kí a gbé tirẹ̀ sí ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, aago méjì, nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì á ti jáde. Ọjọ́ kan sí i kò pa ìsinmi apá ẹnikẹ́ni lára. Kí a sì bá àwọn ọ̀gá ilé ìwé sọ̀rọ̀ láti oṣù Kejìlá, kí ìdíje ilé-sí-ilé tiwọn má bàa gba pápá lọ́wọ́ wa lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún fún eré, ọ̀sẹ̀ kẹfà á wà lófìfo fún òjò àkọ́rọ̀.

Tiyín ní tòótọ́,

Àwa díẹ̀ nínú àwọn olùkọ́ eré ìdárayá,
Iléṣà.